Bí A Ṣe Sẹ́ Ọ Níwájú Oníbáírò

Afínjú ọmọ mi,

Mo kí ọ kí ó kàn ọ́ lára, mo kí ọ kí ó dé egungun. Ṣé o jí dáadáa, ṣé ò ń jẹun, ṣé ibùsùn tí o ní ó máa ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ yẹn kò tíì já? Àwa nílé wà, ara wa le, àyàfi orúnkún bàbá rẹ tó máa ń sọ̀rọ̀ nígbàkígbà tí òjò bá ṣú, àti èmi tí mo ń fi bàtà ẹsẹ̀ kan rìn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìtàn rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀. Olúwa tó ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ fún ọ kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn tì í padà. Wàá jẹ èrè ọwọ́ rẹ. Ìgbálẹ̀ kò ní ṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá rẹ yóò máa rí ọ bí ẹni rí omi tútù lọ́sàn-án gangan. Ṣe àmín kí o tó kà síwájú, nítorí mi ò fẹ́ kí àdúrà mi ṣòfò.

Ìwé kékeré aláwọ̀ ewé tí o fi rán awakọ̀ sí mi, èyí tí yunifásítì kọ gbogbo òfin iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ sí, ti dé ọwọ́ mi. Kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀ lo ní, o ò ní kí n kà á, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà tí bàbá mi sanwó rẹ̀ kò lè jókòó lásán. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, mo fò ó bí ẹni fo ẹrẹ̀, èyí tó yé mi nínú rẹ̀ sì pọ̀ tó láti bá ọ sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní odindi ọdún kan ni àwọn yóò fi máa wò ọ́ bóyá o dára, kí àwọn tó gbà ọ́ pátápátá. Ọdún kan! Oṣù mẹ́ta péré ni bàbá rẹ fi wò mí, kò sì tíì dá mi padà títí di òní. Kí ni wọ́n fẹ́ wò lára ẹni tó ń gbálẹ̀? Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó mọ́ náà nìyẹn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ, ó ní bóyá òun náà ni kò wò mí pẹ́ tó. Oúnjẹ ọjọ́ yẹn pẹ́ kó tó dé iwájú rẹ̀.

Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé lọ́dọọdún àwọn yóò fún ọ ní ìsinmi, àwọn yóò sì máa sanwó fún ọ nígbà tí o kò sí níbẹ̀. Ọmọ mi, gbọ́ mi dáadáa. Ta ló ń sanwó ẹyin tí adìẹ kò yé? Ẹ̀tàn ni. Wọ́n fẹ́ fi mọ ẹni tí iṣẹ́ lè lọ láìsí i ni. Káfíńtà iwájú ilé wa fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ó lọ kí àna rẹ̀, nígbà tó máa fi dé, ewúrẹ́ ti bímọ sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ku díẹ̀ kí ewúrẹ́ bi í pé ta ló ń wá. Bí wọ́n bá fi dandan lé e pé kí o lọ sinmi, máa lọ, ṣùgbọ́n fi fìlà rẹ kọ́ sára ìṣó, kí o sì fi ìgbálẹ̀ ti ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá kọjá lè rò pé ìtòsí lo wà.

Ti owó ìfẹ̀yìntì ló ká mi lára jù. Wọ́n ní lóṣooṣù àwọn yóò máa yọ díẹ̀ nínú owó rẹ, àwọn yóò sì máa bá ọ kó o pamọ́ di ọjọ́ ogbó. Ta ni wọ́n ń kó o fún? Ilé onítọ̀hún dà? Ṣé kò ní ìyàwó tó ń náwó? Ọmọ ọdún mélòó ni? Bó bá dàgbà jù ọ́ lọ, báwo ni yóò ṣe wà níbẹ̀ nígbà tí ìwọ bá darúgbó? Bá mi bi wọ́n léèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o sì rí i pé o mọ ojúlé rẹ̀. Wọ́n ní bí ara rẹ kò bá yá, kí o lọ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà wá fi hàn wọ́n. Ẹni tó bá ní okun láti lọ tò sórí ìlà nítorí ìwé, àìsàn wo ló ń ṣe é? Wọ́n tún ní òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ fún ọ̀gá ní ẹ̀bùn. Ẹyin tí mo ní kí o bá mi fún ọ̀gá rẹ ńkọ́? Wí fún un pé kì í ṣe ẹ̀bùn, mo ní kó bá mi wò ó bóyá wọ́n dára ni. Bí wọ́n ṣe ń wò ọ́ náà ni kó máa wò wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi tí wọ́n ti ní kí òṣìṣẹ́ kọ orúkọ ẹni tí yóò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ bí nǹkan bá ṣe é. O sọ fún mi nígbà kan pé orúkọ mi lo kọ. O ṣeun, ọmọ mi, ṣùgbọ́n inú bí mi. Irú ọ́fíìsì wo ni ọmọ kò tíì jókòó délẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ti ń bi í pé ta ni yóò jogún rẹ̀? Mo kà á sí bàbá rẹ létí. Ó ní èló ni. Mo bú u dáadáa. Nígbà tí mo bú u tán, èmi náà rò ó pé èló ni lóòótọ́? Ìwé náà kò sọ. Bí wọ́n bá tún bi ọ́, wí fún wọn pé kò sí ohun tí yóò ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n má pa orúkọ mi rẹ́.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti sọ ọ́ fún ọ kí lẹ́tà yìí tó dé, ẹnu tèmi ni mo sì fẹ́ kí o ti gbọ́ ọ.

O mọ̀ pé mo máa ń pa fóònù tí o rà fún mi, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń tàn án, nígbà tí o bá fẹ́ pè. Bí mo bá tàn án sílẹ̀, káàdì inú rẹ̀ á máa jò dànù díẹ̀díẹ̀ bíi kẹrosíìnì inú àtùpà tí a kò pa. O ti ní kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó ẹyin ni mo fi ń ra káàdì, èmi ni mo mọ bó ṣe ń tán. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí o kọ ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, inú òkùnkùn ló jókòó sí.

Bóyá o ò sì tíì gbọ́ nípa òfin báírò, o ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí ìlú ni nígbà tí a ṣe é. Ọkùnrin kan wá síbí, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, báírò wà ní àpò àyà rẹ̀, ó ní ìjọba fẹ́ràn ewúrẹ́, kí kálukú sọ iye tó ní. A sọ. Àwọn kan tilẹ̀ ka ti aládùúgbò mọ́ tiwọn kí wọ́n lè dà bí ọlọ́rọ̀. Kò pẹ́, wọ́n padà wá pẹ̀lú owó ìtanràn, gbogbo ewúrẹ́ tó bá ń rìn kiri ló ní iye tirẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kó àwọn ènìyàn jọ sẹ́nu ọ̀nà ìyá télọ̀, mo ní ẹnikẹ́ni tó bá mú báírò wọ àdúgbò yìí tó ń bèèrè ènìyàn, a ò mọ ẹni tó ń bèèrè, a ò rí i rí, ìyá rẹ̀ kò bí i. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi ni mo ṣe òfin náà o, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó ti ṣẹ́ẹ̀tì bọ inú ṣòkòtò, ó gbé báàgì dání, báírò méjì ló wà ní àpò àyà rẹ̀, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Ti elewúrẹ́, ẹyọ kan péré ló ní. Ọ̀dọ̀ ìyá télọ̀ ló kọ́kọ́ yà sí. Ó pe orúkọ rẹ ní kíkún, ó ní ṣé wọ́n mọ̀ ọ́. Ìyá télọ̀ tó rán ṣòkòtò ilé ìwé rẹ àkọ́kọ́ ní òun kò gbọ́ orúkọ náà rí láyé òun, ó ní àmọ́ etí ṣòkòtò ọkùnrin náà ti tú, kó gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí kí òun bá a rán an. Ó sì rán an. Ọkùnrin náà kọjá sọ́dọ̀ káfíńtà. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kò mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́ níwọ̀n. Dípò kó ní òun kò mọ̀ ọ́, ó ní òun mọ̀ ọ́ dáadáa, ọmọ gidi ni, ó ti kú. Ó ní òun gan-an lòun kan pósí rẹ̀, igi tó dára lòun sì lò. Ó tilẹ̀ nu ojú.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ń nu ẹyin sínú àwo ní pálọ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ṣé èmi ni ìyá rẹ. Mo wo báírò méjèèjì. Mo ní èmi kẹ̀? Mo ní mi ò bí ọmọkùnrin rí. Ọmọ mi, fọ́tò rẹ tí o yà lọ́jọ́ tí o jáde ilé ìwé girama wà lára ògiri lókè orí mi gan-an, imú mi sì ni imú rẹ. Ọkùnrin náà wo fọ́tò, ó wò mí, ó tún wo fọ́tò. Ó ní ta wá nìyẹn. Mo ní bí mo ṣe ra férémù náà ló ṣe wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ tó ń bọ̀ láti yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó wúkọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì yí padà wọlé.

Ọkùnrin náà kọ ọ́, ó fi dúdú kọ, ó fi pupa fà á nídìí. Ó ní ẹ ṣeun mà, ó ti yé òun. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó mirí, ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ní èyí á ya àwọn ará yunifásítì lẹ́nu.

Yunifásítì! Mo jókòó láìwo ẹ̀yìn. Orí àwo ẹyin ni mo jókòó sí. Méje fọ́, mo ti kà á.

Mo dìde sáré tan fóònù. Ọ̀rọ̀ rẹ mẹ́ta wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè mí bí àlejò tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. O ní Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì wa, ó fẹ́ mọ ilé tí mo ti jáde àti ìwà mi, kí ẹ sọ òtítọ́ fún un. O ní ọdún tí wọ́n fi ń wò ọ́ ti fẹ́ pé, bí ọkùnrin náà kò bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́ nílé, wọn kò ní gbà ọ́, ẹlòmíràn ni wọn yóò fi sí ipò rẹ. 

Mo sáré bí mo ṣe wà lọ sí gáréèjì tí yóò ti wọkọ̀ padà. Ìyá télọ̀ bi mí pé kí ló dé, mo ti sá kọjá kó tó sọ ọ́ tán. Bàtà mi ọ̀tún bọ́ sínú gọ́tà níwájú ìsọ̀ káfíńtà, mi ò dúró mú un, nígbà tí n ó fi padà, omi ti gbé e lọ. Nígbà tí mo dé gáréèjì, ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ọkùnrin náà wà lẹ́yìn pátápátá, ó gbé báàgì lé itan. Mo wọlé, mo jókòó tì í kí n lè bá a sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé àyè ẹnì kan ṣoṣo tó kù nìyẹn. Bí ìdí mi ṣe kan àga báyìí, awakọ̀ ní ọkọ̀ ti kún, ó wa ọkọ̀ lọ. Mo ní kó dúró, mi ò lọ síbì kankan. Ó ní màmá, gbogbo ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ òun ló ń lọ síbì kan, kí n mú owó ọkọ̀ wá.

Inú ọkọ̀ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Mo ní ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni ìyá rẹ̀. Ó ní ìyá ta? Ó ní ṣé ti ẹni tó bá férémù wá ni? Obìnrin kan tó gbé àpò ata sẹ́sẹ̀ yíjú padà, ó ní férémù wo? Mo ní kó má dá sí i. Ọkùnrin náà bá rò ó fún gbogbo ọkọ̀ pátá, kò fi nǹkan kan pamọ́. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Aláta ní irú èyí ṣọ̀wọ́n, kí ènìyàn gbé oyún kó tún sẹ́ ọmọ. Bàbá arúgbó kan níwájú ní bóyá ìyàkuyà lọmọ náà yà. Mo ní kí bàbá máa wo iwájú wọn.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, mo ṣàlàyé òfin báírò. Ọkùnrin náà gbọ́ mi jinlẹ̀, ó ní àánú mi ṣe òun, ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ kò mojú. Ó ní yunifásítì ìjọba ni, owó gbogbo ará ìlú ni wọ́n fi ń sanwó òṣìṣẹ́ ibẹ̀, nítorí náà ohun tí ará ilé bá sọ lòun gbọ́dọ̀ kọ. Ẹnì kan kò mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ̀ kò bí i, ẹnì kẹta sì ti sin ín. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní èyí tó burú jù níbẹ̀ ni ti pósí, nítorí àwọn òkú tó ń gbowó oṣù gan-an ni wọ́n ní kí òun fojú sílẹ̀ wá, òun kò sì tíì rí ìkankan àfi èyí tí káfíńtà fà lé òun lọ́wọ́ yìí.

Káfíńtà ti sọ ọmọ mi di òkú tó ń gbálẹ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní ọ̀gá, ẹ gbọ́ mi o. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó máa ń jí adìẹ. Bí ẹ bá dé tí ẹ bèèrè rẹ̀, ẹ ò ní tíì pe orúkọ rẹ̀ délẹ̀ tí wọn á ti júwe ilé fún yín, ìyá rẹ̀ gan-an á sìn yín débẹ̀, á tún bá yín kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ń sẹ́ ọmọ burúkú, ńṣe ni wọ́n ń nawọ́ sí i. Ẹni tí a fẹ́ràn là ń fi pamọ́. Ẹ mú báírò pupa yẹn, kí ẹ kọ ọ́ pé odindi àdúgbò ló purọ́ nítorí ọmọ mi, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹ ó rí òṣìṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún.

Aláta ní òótọ́ ni, òun náà ti sẹ́ ọkọ òun rí níwájú agbowó-orí, inú yàrá lọkọ sì wà tó ń sín.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kò sí ojú ibi tí wọ́n ti ń kọ ìfẹ́ nínú ìwé òun. Ó ní gbogbo ìyá ló ń yin ọmọ, kí n sọ àléébù rẹ kan kí òun lè gbà pé mo mọ̀ ọ́. Mo ní ẹyọ kan kẹ̀? Mo ní láti kékeré lo ti máa ń gbá àgbàlá láràárọ̀, o gbá erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ títí ìpìlẹ̀ ilé fi yọ síta, títí di òní olónìí, òjò kì í rọ̀ kó má wọlé wá kí wa. Mo ní nítorí èyí la ṣe ń pè ọ́ ní Afínjú, kì í ṣe oríyìn rárá. Ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní ọ̀gá tó ń mójú tó iṣẹ́ rẹ ti fẹjọ́ sùn rí pé òṣìṣẹ́ kan ń fọ ilẹ̀ gbọ̀ngàn títí àwọ̀ fi ń bọ́ lára ilẹ̀. Mo ní ẹ rí i báyìí, tèmi ni! Ó ní ọkàn òun ti gbà, ṣùgbọ́n ọkàn òun kọ́ ló ń fọwọ́ sí ìwé, àwọn méjì tó kù gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, a wọ òmíràn padà. Èmi ni mo sanwó àwa méjèèjì, fi ìyẹn sọ́kàn.

Bí a ṣe ń bọ̀ wá sí àdúgbò, mo ń tiro nínú bàtà kan, ọkùnrin náà sì dì mí lápá mú kí n má baà ṣubú. Ìyá télọ̀ rí wa lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ń ṣẹ́jú sí i, mo ń mirí, mo ń ṣe é bíi pé kó sọ òtítọ́. Ọkùnrin náà ní màmá, ṣé ẹ mọ obìnrin yìí? Ìyá télọ̀ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà. Ó ní òun kò rí mi rí. Ó ní irú ojú mi yìí kò tilẹ̀ jọ ti àdúgbò àwọn. Káfíńtà jáde síta, mo rò pé ìrànlọ́wọ́ dé. Ó ní ṣé obìnrin tó ń ta ẹyin níbí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè? Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó ti kú. Ó ní òun lòun kan pósí rẹ̀. Mo dúró gbagidi níwájú rẹ̀ o!

Ọkùnrin yunifásítì náà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpótí ìyá télọ̀, báírò pupa bọ́ lápò rẹ̀, kò mú un. Ó ní ó tó, ó tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí mo sọ nínú ọkọ̀, òun ti fi ojú ara òun rí i.

Mo wá kígbe mọ́ wọn pé ará ọ́fíìsì Afínjú ni, kì í ṣe ti ewúrẹ́. Ojú wọn yí padà. Ìyá télọ̀ ní Afínjú wo, ṣé Afínjú tòun? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ṣòkòtò tó ti rán fún ọ láti ìgbà tí o ti ń rá, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ya. Ti káfíńtà ló le díẹ̀. Ọkùnrin náà bi í léèrè pósí. Káfíńtà yọ fìlà, ó ní o ò kú mọ́, ó ní igi náà ṣì wà lọ́wọ́ òun, òun lè fi ṣe tábìlì fún yunifásítì ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n jẹ́rìí ìwà rẹ, wọ́n fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. Ọkùnrin náà pa gbogbo èyí tó kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó ní òun yóò kọ ọ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́ dáadáa nílé àti pé o wà láàyè. Ó ní bó bá ṣe ti òun ni, o ti wọlé, àwọn ọ̀gá àgbà kàn máa fòǹtẹ̀ lù ú ni. Bí wọ́n bá ti lù ú, pè mí. Fóònù ti wà ní títàn báyìí tọ̀sán-tòru, ó ń jò, mò ń wò ó, mo fara mọ́ ọn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Owó ọkọ̀ mi àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀ èèyàn méjì, ẹyin méje. Bàtà, odindi méjì, nítorí wọn kì í ta ẹyọ kan. Etí ṣòkòtò ọkùnrin náà, ìyá télọ̀ ní àlejò mi ni, èmi ni n ó san án. Káàdì fóònù tó ń jò. Má fi owó náà gba inú ihò ara ògiri báńkì o. Ọjọ́ tí mo dé ibẹ̀, mo kí ẹni tó wà nínú rẹ̀, kò dáhùn, nọ́ńbà àṣírí mi ló ń bèèrè. Ẹni tí kò mọ ìkíni, mi ò lè gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Fi rán awakọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí ó bá ṣẹ́ kù, fi kún un kí n fi kó iyanrìn sí àgbàlá tí o gbá lọ.

Bàbá rẹ kí ọ, ó ní kí o ṣì bèèrè èló ni. Olúwa yóò fìdí rẹ múlẹ̀ níbi iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò ní lè gbá ọ síta. Yóò fún ọ ní àwọn ènìyàn tó lè sẹ́ ọ nítorí ìfẹ́, kò sì ní jẹ́ kí o tún nílò wọn. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, wàá bá ẹni tó ń kó owó rẹ pamọ́ láàyè.

Èmi ni ìyá rẹ,
tí kò bí ọmọkùnrin rí.